Ìjókòó Ẹ̀yìn

Sípánà mẹ́tàlá ni mo fi tú u.
Nọ́ọ̀tì kan kọ̀ jálẹ̀, ìpẹtà ti so ó mọ́lẹ̀,
mo ta kẹrosíìnì sí i, mo dúró, mo bá a sọ̀rọ̀,
kó tó jọ̀wọ́ ara rẹ̀.

Dátsùn Bùràímọ̀ ni, àbúrò ìyá mi,
tó fi ná Òkè-Fìà sí Asúbíaró fún ọdún mọ́kàndínlógún,
tó wá fi jìn mí pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ méjì:
ọ̀kan ń ṣílẹ̀kùn, èkejì ò ṣí nǹkan kan.

Ẹ ò lè mọ òórùn tó wà nínú ọkọ̀ yìí.
Kì í ṣe òórùn kan. Agboolé ni.
Bẹntiróòlù ni baálé,
èébì ọmọ ilé-ìwé gba yàrá òsì,
ẹja yíyan Alékúwodò gba ọ̀dẹ̀dẹ̀,
òbúkọ kan tí wọ́n gbé lọ Ìlobùú lọ́dún kan
kò tíì sọ̀ kalẹ̀ títí di òní.
Sàlámọ́tù ìyàwó mi ní òun ò ní í wọ̀ ọ́ lọ síbì kankan,
pé àwọn èèyàn á rò pé òun ló ń rùn.

Mo gbé wọn síta, sórí sìmẹ́ńtì,
iwájú méjì, ẹ̀yìn kan gbọọrọ,
wọ́n kọjú sí títì bí àlejò tí a ò fún lómi.
Mo gbọ̀n wọ́n. Èèpo ẹ̀pà já bọ́, bọ́tìnnì,
tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí,
kọ́bọ̀ mẹ́wàá, eyín ọmọdé kan.
Mo ju eyín náà sórí páànù, bí a ti ń ṣe é.
Olówó rẹ̀ á ti máa hu irùngbọ̀n báyìí.

Omo nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọtí kíkan díẹ̀.
Mo rọra ń fọ̀ ọ́, torí fóòmù tó bá mumi yó
kì í gbẹ bọ̀rọ̀, òórùn mìíràn ló máa bí.
Mo fi àkísà tẹ̀ ẹ́, mo fún un,
omi jáde bí tíì, ó wá dà bí omi ògì,
ó wá di omi lásán.

Ìyẹn iwájú.
Ti ẹ̀yìn ní àbàwọ́n kan láàárín, ó fẹ̀ tó ìdérí ìkòkò,
pupa rẹ̀ ti di ti èèpo igi.
Kànìnkànìn, ọsàn wẹ́wẹ́, ọṣẹ dúdú:
kò gbọ́ ti ẹnì kankan.

Ibẹ̀ ni Ìyá Múnírátù ti ilé kejì bá mi.
Kò kí mi. Ó jókòó sórí ìjókòó tútù náà,
ó gbé báàgì lé itan, ó tẹjú mọ́ iwájú.
Ó ní, "Asúbíaró. Tètè. Ó ti ń yọrí."

Mo rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín.
Òru òjò ni, iná ò sí ní gbogbo Òṣogbo,
Bùràímọ̀ ń sáré, ó ń fun fèrè fún òkùnkùn,
wọ́n dé ojú rélùwéè, ọkọ̀ ojú irin dí ọ̀nà,
wágùnù lẹ́yìn wágùnù, bí ẹni ń ka gbèsè.
"Ibẹ̀ ni mo bí i sí. Síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ló fi gbà á.
Kò gbowó ọkọ̀. Òun ló sọ ọ́ ní Abíọ́nà."

Mo sọ búrọ́ọ̀ṣì kalẹ̀. Mo ní, "Màmá, mà á fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."
Ó wò mí bí ẹni ń wo òmùgọ̀.
"Fọ̀ ọ́. Fọ̀ ọ́ dáadáa.
Ọdún kejì rèé tí Abíọ́nà ò pè mí,
fóònù méjì ló sì ní."

Oòrùn ọ̀sán mú. Oòrùn ló ń pa òórùn,
àmì orí lẹ́tà nìkan ló yà wọ́n.
Mo gbé abọ́ èédú sínú ọkọ̀, ó sùn síbẹ̀ lọ́jọ́ méjì.
Òbúkọ ti sọ̀ kalẹ̀ ní tirẹ̀.
Sàlámọ́tù tọrùn bọ fèrèsé, ó fa atẹ́gùn símú,
ó ní, "Ọṣẹ," ó bá tirẹ̀ lọ.
Àbàwọ́n náà ṣì wà, ṣùgbọ́n ó ti fölé.

Ìjókòó ẹ̀yìn nìkan ló kù níta.
Ní àṣálẹ́ Màmá tún dé, fóònù lọ́wọ́,
ó jókòó sí àárín gbùngbùn,
ó gbé e sétí, ó gbé e kúrò.
Mo di sípánà mú.
Mi ò gbé e wọlé títí ilẹ̀ fi ṣú.