Iná Tí Kò Wọlé Gunnvor

Agogo mẹ́ta òru. Òkun Àríwá ń fi èjìká gbá ẹsẹ̀ irin,
ẹsẹ̀ mẹ́rin tó ti dúró kí Gunnvor tó hu eyín.
Ó jókòó níwájú òṣùwọ̀n, kọfí rẹ̀ ti tutù,
ó ń wo nọ́ńbà bí ẹni ń wo ọmọ
tó sùn tí ara rẹ̀ gbóná.

Láti inú kànga mẹ́sàn-án ni gáàsì ti ń wá bá wọn,
tòun tomi, tòun tòróró, tòun tiyanrìn,
bí àlejò ọ̀nà jíjìn tí kò tíì ṣan ẹsẹ̀.
Ibí ni wọ́n ti ń wẹ̀ ẹ́.
Wọ́n á gbọ́n omi ara rẹ̀ dànù, wọ́n á ya òróró sọ́tọ̀,
ẹ̀rọ ńlá á wá fún un pọ̀, á tún fún un,
títí ara rẹ̀ kò fi ní gbà á mọ́,
kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn: ó yá, máa lọ.

Ẹgbẹ̀ta kìlómítà nísàlẹ̀ òkun, nínú òkùnkùn,
páìpù kan tí ẹja ń fi ẹ̀gbẹ́ ha.
Ó kọ́ àwọ̀n Aslak lẹ́ẹ̀kan, ó fà á ya.
Aslak bú u láti ìdí ọkọ̀ dé èbúté.
Ọdún kejì, ọmọ rẹ̀ gbaṣẹ́ níbẹ̀.
Kò bú u mọ́. Kò sì yìn ín.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ní abúlé kan létí omi Jámánì,
opó kan, Wiebke, yí ọwọ́ sítóòfù.
Iná búlúù yọ, kò ní èéfín, kò pariwo.
Ó da tíì lé ṣúgà olókùúta nínú ife,
ó tẹ́tí kó gbọ́ bó ṣe ń sán kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́.
Kò mọ Gunnvor. Bí wọ́n bá pàdé, kí ni yóò sọ?
Pé owó gáàsì ti wọ́n jù, bóyá.

Ọ̀sẹ̀ méjì pé, hẹlikọ́pítà gbé Gunnvor délé.
Omi tó ń já láti orí òkè ló ń tan iná ilé yìí,
òun náà ló ń se ọbẹ̀. Páìpù kankan kò wọ ibẹ̀ rí.
Aslak gbé ẹja kalẹ̀ lórí tábìlì.
“Ṣé ó ń lọ?”
“Ó ń lọ.”
Wọ́n jẹun.

Agogo mẹ́ta òru, ó jí, ó ń wá nọ́ńbà lára ògiri.
Ògiri dákẹ́. Lẹ́yìn fèrèsé, òkun ń mí.