Ṣíbí Mẹ́ta

Síìsítà Abọ́ṣẹ̀dé fa kálẹ́ńdà èṣí ya lára ògiri wọ́ọ̀dù,
ó dojú ẹ̀ délẹ̀, ó kọ̀wé sẹ́yìn ẹ̀
pẹ̀lú bírò tí tádàwá ẹ̀ ń kọsẹ̀.
"Ìwọ ni o máa dáná?" Mo ní èmi ni.
Ó wo ọwọ́ mi, ọwọ́ wẹ́dà, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.
"Ó dáa. Ẹni tó mọ bí iná ṣe ń jẹ irin
á mọ bí wọ́n ṣe ń fi iná jẹ́jẹ́ bọ ẹja."

Pàpá wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó fúyẹ́
bí igi tí ikán ti jẹ inú ẹ̀ tán.
Kápẹ́ńtà ni. Fèrèsé tó kàn ní òpópónà Bámgbóṣé
ṣì ń ṣí, ṣì ń padé, títí dòní.
Wọ́n ti la ikùn ẹ̀, wọ́n ti gé
lára ohun kékeré kan tó lúgọ sẹ́yìn àpòlúkù,
tí a ò mọ orúkọ ẹ̀ nílé wa
àfìgbà tó fẹ́ pa wá lẹ́kún.
"Òun ló ń pèsè omi tó ń yọ́ ọ̀rá," ni síìsítà wí,
"òun náà ló ń ṣọ́ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀.
Báyìí, ìdajì ọmọ-iṣẹ́ ló kù ní ṣọ́ọ̀bù.
Ẹ má di iṣẹ́ odindi ọjọ́ rù wọ́n lẹ́ẹ̀kan."

Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà lóòjọ́, nígbà náà.
Abọ́ ọmọdé, èyí tí wọ́n ya adìyẹ sí nídìí.
Ògì àti wàrà tí kò lọ́ràá, aago méje.
Ẹyin sísè kan; kò gbọdọ̀ fojú kan epo.
Ẹja bíbọ̀, tí mo rà létí omi Ẹbúté-Erò
kí oorun tó kúrò lójú mi.
Kó jókòó gbọọrọ, kó rọra jẹ ẹ́,
kó má dùbúlẹ̀ kíákíá.

Ti kápúsù ni síìsítà fàlà sí nídìí nígbà mẹ́ta:
òkèlè àkọ́kọ́ ni kó bá wọlé.
Kì í ṣe kóúnjẹ tó dé, kì í ṣe lẹ́yìn tó ti lọ.

Mo gbàgbé lọ́jọ́ kẹrin.
Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì Pàpá pè mí sí ilé ìyàgbẹ́, ojú ń tì í:
ìgbẹ́ náà funfun, ó ń dán, ó léfòó,
omi ò rí i gbé lọ.
Mo tẹ síìsítà láago. Kò bá mi wí.
"Ọ̀rá tí kò rí ẹni yọ́ ọ nìyẹn. Má gbàgbé mọ́.
Ṣùgbọ́n bí ara wọn bá gbóná, bí ojú ọgbẹ́ bá ń sunmi,
má pè mí. Gbé wọn wá."

Ìka ẹ̀ ti yi bí èèpo igi.
Lárààárọ̀, abẹ́rẹ́ ṣúgà á máa wá ibi tó máa gbà wọlé,
Pàpá á ní, "Lu ú, kì í ṣe gíláàsì."

Ó wá di Gúdù Fúráìdé.
Òórùn ẹ̀wà àti àgbọn gba gbogbo Kámpósì,
Pàpá kọjú sógiri.
Ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, kò sí ọ̀kan
tí firẹ́jọ̀n kò kàn án lẹ́nu.
Mo tún tẹ síìsítà láago.
Ó dákẹ́. Mo gbọ́ tí kẹ̀kẹ́ oògùn ń dún kọjá lẹ́yìn ẹ̀.
"Ṣíbí mẹ́ta. Omi àgbọn kejì, kì í ṣe tàkọ́kọ́.
Ṣúgà, rárá. Má gbàgbé kápúsù."

Mo lọ̀ ọ́, mo sẹ́ ẹ, mo tún un sẹ́.
Ṣíbí àkọ́kọ́, ó dijú.
Ìkejì, ó ní màmá mi a máa fi kànáfùrù sí i.
Ìkẹta pẹ́ lẹ́nu ẹ̀
bí ìgbà tó bá ń wọn pákó tí kò fẹ́ kó ṣòfò.
Ó dá ṣíbí padà sórí adìyẹ.
"Kò dùn tó," ló wí.
"Ṣé ó kù?"