Irin Ẹ̀yìn

A kì í sanwó rí.
Ní pápá ilé-ìwé, orí ẹ̀ka máńgòrò ni ìjókòó wa,
ewúrẹ́ á jẹ̀ títí dé àárín,
rẹfirí á fọn fèrè, á dúró dè é.
Nísinsìnyí, ọgbà yí pápá ká,
igba náírà lẹ́nu ọ̀nà,
ọkùnrin tó ń gbà á sì lóṣòó síbẹ̀
bí àwọn bàbá wa tó ń sin owó aṣọ láyé àná:
kò ní dìde bí kò bá gbà á.

Mo san án. Mo wọlé.
Ilẹ̀ náà ṣì ń rùn bí oko kòkó,
wọ́n kàn gé igi ni, òórùn ò gbọ́.
Sìmẹ́ńtì ìjókòó tutù bí ikùn ọ̀pọ̀lọ́,
òpó iná mẹ́rin dúró gàgà,
jẹnẹrétọ̀ ń ráhùn lẹ́yìn ògiri
bí ìyàálé tí a kò kí.

Ọ̀gá Fápohùndà ti dé ṣáájú mi,
ó jókòó sẹ́yìn ojú ilé tiwa,
ojú rẹ̀ pọ́n bí ojú gbogbo ẹni tó ń jórin.
Òun ló jó òpó méjèèjì, òun ló jó àtẹ́rígbà,
òun ló jó irin tín-ín-rín tó fa àwọ̀n sẹ́yìn.
Wọn ò tíì san ìdajì owó rẹ̀.
"Wò ó," ó ní, "kò tẹ̀. Kò wọ́."
Kò wo bọ́ọ̀lù rárá.

Ìsọ̀kùn pẹ̀lú Ìkìrun. Ọ̀mì ni, títí ó fi ku ìṣẹ́jú mẹ́ta.
Ìbídàpọ̀ tó ń ṣọ́lé fún wa, ọmọ iṣẹ́ ọ̀gá yìí kan náà,
ti fi àyà gba mẹ́ta, ó ti fi imú gba ọ̀kan.
Ọmọ pẹ́lẹ́bẹ́ kan lára wọn, tí bàtà rẹ̀ méjèèjì ò jọra,
sá gba ọ̀tún, ó ṣẹ́rí wọ àárín, ó gbé ẹsẹ̀ sókè

iná lọ.

Kì í ṣe òkùnkùn ilé o.
Òkùnkùn oko ni, èyí tó ti wà níbẹ̀ kí á tó dé,
tó kàn ń dúró de àyè rẹ̀.
Igba ènìyàn, kò sẹ́ni tó mí.
Mo gbọ́ ẹsẹ̀ lára bọ́ọ̀lù.
Lẹ́yìn náà mo gbọ́: gàn-án.

Nígbà tí iná dé,
bọ́ọ̀lù wà níta lẹ́bàá ògiri, ó ń yí jẹ́jẹ́
bí ọmọ tí kò mọ ohun tó fọ́.
"Ó wọlé!" "Òpó ni!" "Ìyá ẹ ni òpó!"
Àwọ̀n ti ya láti ìlàjì àkọ́kọ́, kò lè jẹ́rìí.
Rẹfirí, ará Ẹdẹ, ń wo fèrè ọwọ́ rẹ̀
àfi bí ẹni pé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀.
Ó bi Ìbídàpọ̀.
Ìbídàpọ̀ ní òun dijú.

Ìgbà náà ni ọ̀gá dìde.
Ó yọ òòlù kékeré tó máa ń wà lápò rẹ̀,
ó lu òpó: gbùùn.
Ó lu àtẹ́rígbà: gbùùn, ó gùn díẹ̀.
Ó bẹ̀rẹ̀, ó lu irin ẹ̀yìn:
gàn-án.
"Wọ́n ní owó ò tó," ó ní, kò wo ẹnikẹ́ni.
"Irin tó nípọn ni mo fi ṣe iwájú.
Inú ti ẹ̀yìn ṣófo.
Ẹ̀yin náà gbọ́ ọ."

A gbọ́ ọ. Ìyẹn ló burú jù.

Rẹfirí nawọ́ sí àárín pápá.
Wọ́n sọ omi inú ọ̀rá lu ọ̀gá,
ẹnìkan ní ará Ìkìrun ló bí ìyá rẹ̀,
alága ẹgbẹ́ ní kó gbàgbé owó tó kù.

Ọ̀nà ilé jìn láti pápá tuntun yìí.
Mo ń tẹ̀lé wọn lẹ́yìn, mi ò sún mọ́ wọn.
Ìbídàpọ̀ so bàtà kọ́rùn, ẹsẹ̀ lásán ló fi ń rìn.
Nígbà tí a dé ibi tí ọ̀dà títì ti bẹ̀rẹ̀, ó ní,
"Ọ̀gá, mi ò dijú."
"Mo mọ̀."
A tún rìn díẹ̀.
"Irin ẹ̀yìn yẹn," ni ọ̀gá wí, "a ò tíì kùn ún."