Ń Kan

Ojú ìwé kọkànlélógún ni mo ti gbọ́n.
Tíṣà Ṣuáíbù gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́nà Táíwò,
ìwé àwọn amọ̀kòkò Òkèlélé,
àfọwọ́kọ, nínú àpò sìmẹ́ǹtì,
ó ní kí n tò ó kó dùn ún wò.
Ọ̀rọ̀ kan wà ńbẹ̀ tó ń padà wá
bí àlejò tó gbàgbé fìlà:

"Ìyá Múníra ń mọ ìkòkò ní ebu Dàda.
Ó ń po amọ̀ dúdú mọ́ amọ̀ pupa.
Ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí tí yóò fi dákẹ́."

Orí kejì wí i. Orí karùn-ún wí i.
Mo bi Tíṣà bóyá ó gbàgbé ni.
Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ ẹ.
Ìyá náà kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan."

Ọwọ́ ń ro mí. Mo wá ṣe bí Látẹ́ẹ̀kì ṣe ń fẹ́ ẹ:
mo kó gbólóhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú fáìlì kan,
mo sọ ọ́ lórúkọ.
Ẹ̀rọ yìí kì í gba àmì ohùn lórí orúkọ,
nítorí náà \amo lásán ni mo kọ,
igi kan fẹ̀yìn tì níwájú rẹ̀.
O lè kà á sí amọ̀,
o lè kà á sí àmọ́,
o lè kà á sí a mọ̀.
Ẹ̀rọ ò bìkítà. Pè é, á jẹ́.
Ibi tí mo bá ti pè é, ìyá á dé,
á ká aṣọ sókè, á bọ́ sínú ẹrẹ̀.

Múníra yà wò ó lọ́jọ́ kan,
amọ̀ ṣì wà léèékánná rẹ̀.
Mo ṣàlàyé. Ó rẹ́rìn-ín.
Ó ní ṣebí bí àwọn náà ti ń ṣe é nìyẹn:
ẹ da ìkòkò àtijọ́ dojú dé,
ẹ bu eérú sí i kó má baà lẹ̀,
ẹ na amọ̀ tútù lé e nídìí,
ìdí kan náà ni ogún ìkòkò yóò ní.
"Bí tìsàlẹ̀ yẹn bá wọ́ ńkọ́?"
"Gbogbo ọmọ rẹ̀ ló máa wọ́."

Ọjọ́ Alámìsì kan, kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n sin ìyá náà.
Wọ́n ṣe fìdáù tán, Tíṣà pè mí lórí fóònù:
"Ẹ bá wa tún ibẹ̀ yẹn ṣe."

Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń kùn.
Mo ṣí fáìlì. Mo pa ń kìn-ín-ní rẹ́.
Lẹ́tà kan péré, àmì kan péré lórí rẹ̀.
Ìyá Múníra mọ ìkòkò ní ebu Dàda.
Mo pa èkejì. Mo pa ẹ̀kẹta.
Mo yọ yóò kúrò:
ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí tó fi dákẹ́.
Ta ló dákẹ́, amọ̀ ni àbí ìyá?
Èdè wa ò sọ, èmi náà ò bi í.
Mo ní kí ẹ̀rọ tò ó padà.
Kí n tó mí kanlẹ̀,
ìyá ti dáwọ́ dúró níbi mẹ́sàn-án.
Kò sí ojú ìwé tó kọ́kọ́ gbọ́
kó tó lọ sọ fún èkejì.

Ìwé jáde. Mo gbé páálí kan lọ sí Òkèlélé fúnra mi.
Múníra ṣí i, kò tíì jìnnà tó fi dúró,
ojú ìwé kọkànlá,
orí kìíní, tí mo fọwọ́ tẹ̀ kí n tó gbọ́n:
Ìyá Múníra ń mọ ìkòkò.
Ojú tì mí. Mo ní n óò ṣa bébà tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ̀ ẹ́,
n óò lẹ̀ ẹ́ lára gbogbo rẹ̀, ọ̀ọ́dúnrún, lọ́fẹ̀ẹ́.
Ó pa ìwé dé lórí ìka rẹ̀ kan.
"Ẹ fi í sílẹ̀," ó ní,
"ó ṣì níṣẹ́ lọ́wọ́."

Wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ìtẹ̀jáde kejì báyìí.
Fáìlì náà wà lọ́dọ̀ mi.
Mi ò tíì fọwọ́ kan ojú ìwé kọkànlá.