Ṣíbí Kan ní Kúbwà

Oṣù kẹta ọdún ni mo dé Kúbwà, oòrùn ń yan páànù.
Mo fi ìró méjì wé ìgò àgbo ọmọdé nínú báàgì
bí ẹni gbé ọtí wọ mọ́ṣáláṣí,
torí nọ́ọ̀sì ti sọ fún ìyàwó ọmọ mi pé
oṣù mẹ́fà gbáko, ọmú nìkan, omi ò gbọdọ̀ kan ẹnu ọmọ.
Mo ní, nínú ooru yìí?
Ewúrẹ́ pàápàá ń lá ẹnu ẹ̀rọ omi kiri!
Mo bí mẹ́fà. Gbogbo wọn ló mumi.

Mẹ́rin ló kù. N kì í sọ ìyẹn.

Ìsinmi oṣù mẹ́ta tí wọ́n fún Mopélọ́lá yọ́ bí iyọ̀.
Aago márùn-ún ìdájí ló ń wọkọ̀ lọ Wúsè.
Yàrá tí wọ́n ń kó fáìlì àtijọ́ sí ló ti ń fún ọmú sínú ìgò,
ó fi àga ti ilẹ̀kùn tí kò ní kọ́kọ́rọ́.
Ọ̀gá rẹ̀ ní, "Àbí màlúù la gbà síṣẹ́ ni?"
Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín.
Alẹ́ ló tó sọ fún mi,
bó ti ń fọ búláòsì tí wàrà ti rin gbindin.

Kọ́ládé ọmọ mi ò gbójú kúrò lára bọ́ọ̀lù tó ń wò:
"Màámi, ẹ rọra fún un lómi díẹ̀, kí ilé lè tòrò."

Iná lọ. Ọjọ́ kejì, kò dé.
Ọmọ ń ké. Ó ń fẹnu wá àyà mi kiri,
àyà tó ti rọ bí àpò tí wọ́n da gàrí inú rẹ̀ tán.
Mo bu omi. Ṣíbí wà lọ́wọ́ mi.
Ta ni yóò mọ̀?
Bánjókòó mọ̀,
ọmọ mi kẹta, tí mo fún lómi kànga lọ́jọ́ ìkómọ,
tó ya ìgbẹ́ gbuuru títí tí ara rẹ̀ fi tutù.
Wọ́n ní àbíkú ni. Mo gbà.
Kí ni ǹ bá tún gbà?

Ìyá Lùbábátù tó ń ta yìnyín lójúlé kejì
ló wọlé láì kan ilẹ̀kùn.
Ó wo ṣíbí. Ó wo ojú mi.
Kò gbọ́ Yorùbá; "sánnú" nìkan ni Hausa tèmi.
Ó ṣí fíríìjì, ó gbóòórùn ìgò mẹ́ta,
ó da méjì nù, ó na ẹ̀kẹta sí mi.
Ó sì lọ gbé kúlà tó kún fún yìnyín wá,
kò gba kọ́bọ̀.

Ṣíbí yẹn náà ni mo fi fún ọmọ ní wàrà ìyá rẹ̀,
díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

N ò tíì sọ fún Mopélọ́lá.
Ìgò àgbo ṣì wà láàárín ìró, n ò ṣí i, n ò dà á nù.
Ó ku ọjọ́ mọ́kàndínlógójì.
Èmi ni mò ń kà á.