Bọ́tìnnì Idẹ

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí lọ́dún tí ogun parí,
bàtà bàbá mi ni mo wọ̀, mo fi àkísà há a níwájú.
Afárá ti wó sínú odò Elbe
bí eyín arúgbó tó ká.
Láti ìwọ̀-oòrùn làwọn ará Amẹ́ríkà ti dé,
tí wọ́n ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù bí ewúrẹ́ tó ń jẹ àpọ̀jẹ.
Láti ìlà-oòrùn làwọn ará Rọ́ṣíà ti dé
pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ẹṣin àti ìgò ọtí tí kò lórúkọ.
Lórí irin tó tẹ̀, láàárín omi, wọ́n pàdé.
Mo rò pé wọn yóò yìnbọn.
Wọ́n dì mọ́ra wọn.

Delmar, ọmọ àgbẹ̀ àgbàdo ní Nebraska,
já bọ́tìnnì idẹ kan lára aṣọ rẹ̀.
Yefim, gbẹ́nàgbẹ́nà láti Vologda,
fa ṣíbí yọ nínú bàtà rẹ̀,
ó nù ún mọ́ ṣòkòtò, ó fi ṣe pàṣípààrọ̀.
Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n jọ gbọ́: orúkọ ọ̀tá.
Bí wọ́n bá ti dárúkọ rẹ̀, wọ́n á tutọ́, wọ́n á mu.
Èmi tí mo sì ń bu omi fún wọn,
ọmọ ọ̀tá náà ni mí.

Àgbò méjì kì í mumi nínú koto kan.
Ojú mi báyìí ló rí àwọn méjì
tí wọ́n jọ fi akoto kan mumi.

Kò pé ọdún mẹ́rin.
Ọ̀kan ní kálukú ló ni oko rẹ̀,
ẹni tó bá yára ni kó kórè.
Èkejì ní gbogbo wa la jọ ni oko,
ẹni tó bá pè é ní tèmi, ẹ wá a lóru.
Ọ̀rọ̀ yìí ti wà níbẹ̀ látilẹ̀
bí egungun ẹja nínú ọbẹ̀:
ebi ni kò jẹ́ kí wọ́n rí i.

Wọ́n fa ilà sórí ilẹ̀ wa.
Ilà náà gba àárín ọgbà ẹ̀gbọ́n ìyá mi,
ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀ wà níhìn-ín,
igi ápù rẹ̀ wà lọ́hùn-ún.

Lálẹ́ ọjọ́ kan Yefim wá bá mi lẹ́yìnkùlé.
Ọ̀gá rẹ̀ ń bèèrè
ta ló fún un ní idẹ ará Amẹ́ríkà.
Ó fi í sí àtẹ́lẹwọ́ mi,
ó pa ìka mi dé, níkọ̀ọ̀kan.
Bóyá níbì kan ní Nebraska
wọ́n ń bi Delmar náà léèrè ṣíbí.

Lẹ́yìn náà, bọ́ǹbù.
Wọ́n ń kà á bí ahun ṣe ń ka owó:
kò ní í ná an,
kò ní í fi tọrẹ,
kò sì ní í sùn.

Mo ti darúgbó. Ní ọ̀gìnnìtìn yìí
mo rán bọ́tìnnì náà mọ́ kóòtù mi.
Kò bá àwọn yòókù dọ́gba.
Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá ti odò dìde,
òun ló ń bá mi dé ọrùn.