Ọ̀pá Mẹ́rin, Ọ̀pá Méjì

Òjò wẹ́wẹ́ ló ń rọ̀ ní Anacortes, irú èyí tí kì í pani,
tí kì í sì í dá.
Mo wà lábẹ́ pátákó ìdarí, mo nà gbalaja,
tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu, sípánà lọ́wọ́.
Dinko Separovich dúró tì mí, kò sọ̀rọ̀.
Ọ̀pá mẹ́rin ló ní kí n tú kúrò.

Ẹni tí kò bá tukọ̀ rí, kó gbọ́:
ẹ́ńjìnnì méjì ló wà nísàlẹ̀ ọkọ̀ yìí,
ìbejì ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọn kì í sunkún lẹ́ẹ̀kan náà.
Lápá òsì, ọ̀pá jíà méjì, orí wọn dúdú:
síwájú, fírì, ẹ̀yìn.
Lápá ọ̀tún, ọ̀pá iná méjì, orí wọn pupa:
jẹ́jẹ́, eré, ariwo.
Bí o bá ń wọ èbúté, jẹ́ kí pupa sùn.
Dúdú nìkan ni kí o máa bá sọ̀rọ̀.
Ti ọ̀kan síwájú, fa èkejì sẹ́yìn,
ọkọ̀ á yí lójú kan
bí ẹni tó ń wá yẹtí tó já bọ́.

Ọdún mọ́kàndínlógójì ni Dinko fi ṣe bẹ́ẹ̀.
"Ọ̀pá kan, iṣẹ́ kan," ni ó máa ń wí.
"Ẹ kó jíà àti iná sínú ọ̀pá ẹyọ kan,
bí ẹni da iyọ̀ àti ṣúgà pọ̀ sínú agolo.
Lọ́jọ́ tí àyà rẹ bá já, tí o ń wá fírì,
ọwọ́ rẹ á kọjá fírì, á bọ́ sínú ariwo,
o ti fi imú ọkọ̀ kan ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn."

Zorka ọmọ rẹ̀, tó ń wa ọkọ̀ èrò lọ sí erékùṣù,
dá a lóhùn láti ẹnu ọ̀nà:
"Bàbá, ọ̀pá mẹ́rin, ọwọ́ méjì!
Ta ni yóò wá di ìtọ́kọ̀ mú?
Tí ilẹ̀ bá ṣú, tí atẹ́gùn bá dé,
pupa dà, dúdú dà?"
Bàbá fọn imú rẹ̀.

Èmi náà dákẹ́. Ṣùgbọ́n níbi tí a ti ń ra epo,
lára òpó kẹta, àpá kan wà níbẹ̀,
ọ̀dà ara rẹ̀ bá ọ̀dà ọkọ̀ Dinko mu.
Ó ti tó ogún ọdún. Kò sẹ́ni tó bèèrè.

Kì í sì í ṣe àríyànjiyàn ló jẹ́ kó pè mí.
Ọwọ́ òsì ni.
Oríkèé rẹ̀ ti wú bí atalẹ̀,
láàárọ̀, ife kọfí gan-an ń yọ́ bọ́ níbẹ̀.

Mo fa wáyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde, gírísì wọn ti gbó, ó ti dúdú bí oyin ìgbẹ́.
Orí dúdú kan ti jẹ wọnú,
ibi tí àtàǹpàkò rẹ̀ máa ń gbé.
Mo fi tèmi síbẹ̀. Kò gbà mí.

Ọ̀pá tuntun jẹ́ méjì, irin dídán.
Bí wọ́n bá dé fírì, wọ́n á dún "kẹ́",
kí ọwọ́ tó ń gbọ̀n lè mọ̀ pé òun ti délé.
Mo mú "kẹ́" náà le ju bí ìwé ṣe wí.
N kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ní ọjọ́ Sunday, atẹ́gùn ń ti gúúsù bọ̀.
Zorka di okùn mú níwájú, ó pa ẹnu mọ́, iṣẹ́ ńlá nìyẹn fún un.
Ọwọ́ ọ̀tún: kẹ́. Ó dúró.
Kẹ́.
Ọkọ̀ wọlé bí ìyá tó ń wọ yàrá ọmọ tó ti sùn.

Ọwọ́ òsì ńkọ́?
Ó wà lórí igi pẹlẹbẹ tí mo fi dí ojú ihò,
ìka ń rìn lórí igi:
síwájú, fírì, ẹ̀yìn, fírì.
Mo yí ojú sápá ibi tí àwọn ẹyẹ òkun ń jà.

Ó fi ẹja sámọ́ńì méjì san lára owó mi.
"Ó rọ̀ jù," ó wí,
n kò mọ̀ bóyá ọ̀pá ló ń bá wí.